KÓŃGÒ KAN NÁÀ FÚN GBOGBO ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ Lórí Òtítọ́, Ẹ̀yà àti Ètò Ìjọba

 

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ìjọ àti àwòrán àwọn àgbà ni ó máa ń pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ wá ní kí àwa kọ nǹkan díẹ̀ tí yóò mú wa ronú. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, òun ni a sì fẹ́ gbé síwájú yín. Bí ìjọba bá gbé ètò kan kalẹ̀, tàbí tí ó bá pe iye kan jáde fún aráyé gbọ́, kín ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí Kristẹni béèrè? Ṣé "Ọmọ ibo ni ẹni tí ó sọ ọ́?" ni, àbí "Ṣé òtítọ́ ni, kín sì ni ẹ̀rí rẹ̀?"

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyí, pé kò kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Bí òtítọ́ kò bá kan ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò wá kàn?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍLÉ TIWA

Kí a tó na ìka sí ìjọba, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa ná. Ní ọdún kan tí a ń múra ìkórè, kọmítíì fẹ́ mọ iye àga tí a óò háyà àti iye oúnjẹ tí a óò sè. A ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n kọ ọ́ wá kíákíá. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 1,140. A háyà àga bẹ́ẹ̀, a sì se oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn adènà ka orí kọ̀ọ̀kan: tonílé tàlejò, a kò pé 600. Ìrẹsì ṣẹ́kù, ó bàjẹ́. Owó ilé Ọlọ́run ti lọ sínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, òrùlé ń jò. A ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Hàbà! Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ 160 nígbà oúnjẹ di 70 nígbà owó. Gbogbo wa lápapọ̀ wá di 410. Ẹ̀yin ará, ṣé àjàkálẹ̀ àrùn ni ó pa àwọn yòókù ni? Rárá o. Nígbà pípín a pọ̀, nígbà sísan a kéré.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwọn tí ó kọ iye wọ̀nyí kì í ṣe olè. Ènìyàn rere ni wọ́n, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ òru. Wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn ni, wọn kò fẹ́ kí ojú tì í. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí pàápàá wà nínú ẹgbẹ́ kan. A rí iye tí ẹgbẹ́ wa kọ, a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a sì fọwọ́ sí i. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ WA

Ohun kan náà gan-an ni ó ṣe orílẹ̀-èdè wa lórí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn. Láyé òyìnbó, bí àwọn baba wa bá rí ẹni tí ń ka ènìyàn, owó-orí ni wọ́n rò pé ó ń wá. Ẹlòmíràn a sá wọ oko, ẹlòmíràn a fi ọmọ pamọ́. Ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953 sọ pé gbogbo ará Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 30, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sì gbà pé ó kéré sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, tí gbogbo wa rí i pé iye ènìyàn ni a fi ń pín ìjókòó nílé aṣòfin, àwọn tí ń sá tẹ́lẹ̀ jáde wá, wọ́n sì mú àwọn tí kò tíì wá sáyé dání.

Ti ọdún 1962 dàrú. Ẹkùn kan ń pe ẹkùn kejì ní òpùrọ́, títí ìjọba àpapọ̀ fi fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní 1963, wọ́n ní a lé ní mílíọ̀nù 55. Ìjọba Ìlà-Oòrùn kò gbà, wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ilé-ẹjọ́ ní òun kò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a má ṣe sọ pé ará ibòmíràn nìkan ni ó jẹ̀bi o. Ní 1952, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, nígbà tí ilẹ̀ Mid-West ṣì wà nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6. Ní 1963, bí a bá ro Ìwọ̀-Oòrùn àti Mid-West pọ̀, wọ́n ti ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ìlọ́po méjì láàárín ọdún 11! Bí a tilẹ̀ ka gbogbo àwọn tí ó sá fún owó-orí mọ́ ọn, ìyá wo ni ó bí ìyókù?

Ní 1973, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, wọ́n tún kà wá. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80. Láàárín ọdún 10, ìpínlẹ̀ mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n sì ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dínkù. Ariwo ta. Nígbà tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed gorí oyè ní 1975, ó da iye náà nù pátápátá.

Ní 1991, wọ́n ṣe ohun kan tí ó mọ́gbọ́n dání: wọ́n yọ ìbéèrè ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 89 ni wọ́n bá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ káàkiri ayé pé a ju mílíọ̀nù 100 lọ dáadáa. Ní 2006, ó di mílíọ̀nù 140. Wọ́n ní Kano lé ní mílíọ̀nù 9, Èkó náà lé ní mílíọ̀nù 9, ṣùgbọ́n Kano fi díẹ̀ ju Èkó lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ti ka ènìyàn àwọn, àwọn sì lé ní mílíọ̀nù 17.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ará Èkó gba ti Èkó gbọ́, ará Kano gba ti Kano gbọ́. Mélòó nínú wa ni ó rí ìwé kan ṣoṣo nínú ìwé tí wọ́n fi ka ènìyàn? Àwa náà gba ti Èkó gbọ́ lójú ẹsẹ̀, a sì bá ènìyàn jiyàn lé e lórí nínú ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí Èkó jàre. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé a mọ̀ ni a fi gbà á gbọ́. Nítorí pé tiwa ni. Nígbà tí ó di 2023 tí ó yẹ kí wọ́n tún wa kà, ìjọba sún un síwájú. Nígbà náà, ọdún 17 ti kọjá lórí iye tí a kò gbà.

TA NI IRỌ́ NÁÀ JẸ RUN?

Ẹlòmíràn lè sọ pé nọ́ńbà lásán nìyẹn, nọ́ńbà kì í pa ènìyàn. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n iye wo ni wọn ìbá fi ṣe ìṣirò? Ti 1963 ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, ti 1973 ti di ohun tí a dà nù. Mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni wọ́n ń retí; nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ni ó dé. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Olùkọ́ kò tó, ìwé kò tó. Àwọn ọmọ náà kò kópa nínú irọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ni wọ́n sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Bí ó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹni tí ó fi ènìyàn tí kò sí kún iye ìlú rẹ̀ rò pé òun ran ìlú òun lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé nínú owó àpapọ̀ tí a ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀, iye ènìyàn ni a fi ń pín bí 30 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá fi kún tìrẹ, tí aládùúgbò rẹ náà fi kún tirẹ̀, ìpín yín yóò padà síbi tí ó wà. Kìkì ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ iye ọmọ tí ó ń bọ̀ nílé-ìwé mọ́, tàbí iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò tó, tàbí abúlé tí kò ní omi.

ÈÈNÌ ÀTI KÓŃGÒ

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ràn ẹ̀yà rẹ̀? Rárá o. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò lè bá ará ilé rẹ̀ sunkún, báwo ni yóò ṣe bá àlejò sunkún? Ibi tí ìfẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dúró sí ni ohun tí a ń wá.

Ẹ bá wa dé ọjà. Ìyá kan ń ta gàrí. Àbúrò rẹ̀ dé, ó fẹ́ ra kóńgò kan. Àlejò tí kò mọ̀ rí dé, òun náà fẹ́ ra kóńgò kan. Ìyá yìí lè bu èènì rẹpẹtẹ fún àbúrò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà, ọjà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kóńgò tí ó tẹ̀ nídìí sísàlẹ̀ fún àlejò, tí ó ní èyí tí ó gún fún ẹbí, olè ni. Bí gbogbo ìsọ̀ bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà náà yóò tú, àbúrò rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti ra gàrí mọ́. Ìwé Mímọ́ kò fi ìwọ̀n èké ṣeré. Ìríra ni ó pè é lójú Olúwa.

Èrò tiwa nìyí, ẹ̀yin ará: èènì lè jẹ́ ti ẹbí, ṣùgbọ́n kóńgò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ọjà. Fi owó ara rẹ ran ará ìlú rẹ lọ́wọ́, kọ́ ilé-ìwé fún wọn, sanwó ìwòsàn fún wọn. Èènì nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn, iye àrùn, iye owó, èsì ìdánwò, kóńgò ni gbogbo wọn. Má ṣe tẹ ìdí wọn wọlé nítorí ẹnikẹ́ni.

ṢÙGBỌ́N BÍ AYÉ BÁ Ń PURỌ́ Ń KỌ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó le, a kò sì ní sá fún un. Alàgbà kan bi wá léèrè pé: "Akọ̀wé, bí gbogbo wọn bá ń purọ́, tí èmi nìkan sọ òtítọ́, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ mi ni ebi yóò pa?" A kò lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òpònú ni ó sọ. Àwọn àgbà pàápàá ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ìdáhùn wa ni pé òtítọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò tó. Ó yẹ kí a ṣètò rẹ̀ kí ó má bàa rọrùn láti purọ́. Lẹ́yìn ìtìjú ìkórè yẹn, a dẹ́kun kíkọ iye lásán nínú ìjọ wa. Orúkọ ni a ń kọ, pẹ̀lú ilé tí kálukú ń gbé. Ẹgbẹ́ kan kò sì ń ka ara rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn ni ó ń kà á, tí ọmọ ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tiwa ni ó kéré jù lọ nígbà tí iye jáde. Ojú tì wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ wa kì í bàjẹ́, owó òrùlé sì ń pé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà inú wa mọ sòbìà. Ẹni tí ó mu omi odò tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún kan, sòbìà a yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí okùn, àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó wà lóko. Ní Ìdèrè nílẹ̀ Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba pinnu láti lé e lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kà á. Láti 1988, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, ní Àríwá, ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìlà-Oòrùn. Ènìyàn tí wọ́n bá tí sòbìà ń dà láàmú lé ní 650,000. Wọ́n yan ènìyàn láàárín ará abúlé tí yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò sì máa sọ iye rẹ̀. Wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n da oògùn sí odò, wọ́n gbẹ́ kànga. Wọ́n ń padà lọ wò ó bóyá ó ń dínkù. Ní 2008, ẹni tí ó ní i kẹ́yìn jáde, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán.

Ọ̀gágun Gowon kan náà, tí ìkànìyàn dàrú mọ́ lọ́wọ́ ní 1973, wà lára àwọn tí ó ń lọ láti abúlé dé abúlé lẹ́yìn tí ó ti di àgbà, tí ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n sẹ́ omi. Ẹ ò rí i? Orílẹ̀-èdè tí kò lè ka ènìyàn ka sòbìà, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ẹ̀yà wo ni ẹsẹ̀ tí ó wú yìí. Ẹ̀rí wà lójú, aládùúgbò lè yẹ̀ ẹ́ wò, iye náà kì í sì í ṣe ohun ìyangàn fún ẹnikẹ́ni. Àwa Aládùúrà mọ agbára omi tí a gbàdúrà sí. Aṣọ tí a fi sẹ́ omi kò dí àdúrà lọ́wọ́.

ÌWÉ ÌRAN

Ìjọ Aládùúrà ní ohun kan tí a lè kọ́ ìjọba. Bí ẹnì kan bá ríran, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gbé e sórí pẹpẹ. A ń kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó rí i. Àwọn àgbà yóò gbé e yẹ̀ wò, wọn yóò sì dúró. Bí ó bá ṣẹ, ìwé yóò jẹ́rìí. Bí kò bá ṣẹ, ìwé náà yóò jẹ́rìí. A kì í béèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni aríran náà tàbí Èkìtì.

Kí ìjọba náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a rí i: owó báyìí ni a fẹ́ ná, ohun báyìí ni a ń retí, ọdún báyìí ni yóò yọjú. Nígbà tí ọdún náà bá pé, kí wọ́n ṣí ìwé. Bí kò bá ṣẹ, kí wọ́n jẹ́wọ́, kí wọ́n yí padà, kí a má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé wọ́n jẹ́wọ́. Àwa ará ìlú ni a ń kọ́ wọn ní irọ́ nígbà tí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wa tí ó kùnà, tí a sì ń bú ọmọ ẹlòmíràn tí ó ṣe dáadáa.

Mose rán amí 12 lọ wo ilẹ̀ Kenaani, ọ̀kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ohun tí wọn yóò wò fún wọn: bóyá ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ tàbí wọ́n kéré, bóyá ilẹ̀ náà lọ́ràá, bóyá igi wà níbẹ̀. Wọ́n mú èso wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àwọn méjì tí ó dúró ṣinṣin kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà kan náà: ti Juda ni Kalebu, ti Efraimu ni Joṣua. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó so wọ́n pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Èkíní, ọmọ tí a bá sọ lórúkọ nínú ìjọ wa, ẹ mú un lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó lè wà nínú ìṣirò. Èkejì, bí àwọn aláfọ́ọ̀mù bá dé ilé yín, ẹ ka àwọn tí ó wà níbẹ̀, ẹ má ka ọmọ inú, ẹ má ka òkú, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá gbọ́ iye kan tí ó dùn mọ́ yín nítorí pé ẹ̀yà yín ni ó gbè, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ béèrè ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí Olúwa jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa ní ẹ̀gbẹ́ òtítọ́. Ẹ kú àjọyọ̀, ẹ ó sì délé láyọ̀. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ